Koríko mẹ́ta tí mi ò gbìn ti wọ àárín kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì mi, ẹ bá mi dá wọn mọ̀

Ìyá Ìbejì (Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ ní ìbéèrè tèmi.

Iwájú ilé wa ò fẹ̀ púpọ̀, bí ìṣísẹ̀ méjìlá ní gígùn, mẹ́sàn-án ní ìbú. Oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá la tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì síbẹ̀. Onífúláwà ẹ̀gbẹ́ títì ló kó o wá nínú àpò, tó da ilẹ̀ dúdú sábẹ́ rẹ̀, tó sì tò ó. Nítorí màmá mi ni mo ṣe ṣe é. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà mọ́, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ká gbé àga síta fún àwọn, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé koríko tútù náà. Ara máa ń tù wọ́n níbẹ̀, ara á sì tu èmi náà.

Àtìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan mìíràn ti ń yọ láàárín rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni mo kà.

Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀, igi rẹ̀ sì nà síta yí ká láti ojú kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn bá tú ọwọ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ funfun. Mo fà á títí ewé fi já sí mi lọ́wọ́, gbòǹgbò ò mì.

Èkejì dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Tá a bá gé koríko lónìí, tó bá fi máa di ọ̀túnla, ó ti ga ju gbogbo èyí tó yí i ká lọ.

Ẹ̀kẹta tín-ín-rín, ó ga díẹ̀, ó ní ìka méjì tàbí mẹ́ta lórí. Òun ló pọ̀ jù. Kò síbi tí kò sí. Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko ní ká fín gbogbo rẹ̀ lóògùn. Mo ra ìgò kan lọ́jà, kò níwèé lára. Ẹni tó tà á fún mi ní èpò nìkan ló ń pa, kì í fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Mo fín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ibi tó tó ẹní kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n, èyí tí mo gbìn àti èyí tí mi ò gbìn. Mo dúró síbẹ̀, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ wọn? Èwo ni mo lè fọwọ́ tu, èwo ni mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ tu?

Bàbá Olóko (Ìsẹ́yìn)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí ẹsẹ̀ màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ ibẹ̀ láìwọ bàtà, kí ẹ sì fi okùn yí i ká kí àwọn ọmọ má bàa débẹ̀. Ohun tó pa koríko láàárín ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ jọ oògùn tó ń jó ewé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Tẹ́nì kan bá ṣèèṣì gbé e mì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kankan. Èmi ò lè fojú ìgò tí kò níwèé mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ò lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó tà á gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ tì í mọ́ ibi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó.

Ẹ má tíì hú ojú ibẹ̀ o. Oògùn tó ń jó ewé kì í sábà wọ inú ilẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó bá kọ́kọ́ hù níbẹ̀ á sọ púpọ̀ fún wa.

Ní ti dídá wọn mọ̀, ẹ gbàgbé ewé òkè ná. Lókè, gbogbo wọn ló jọra. Tí òjò bá ti rọ̀ tán, ẹ fi ọ̀bẹ wú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tòun ti gbòǹgbò, ẹ fi omi ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun. Ẹ wo ìdí, ẹ wo oríkèé, ẹ wo orí. Ẹ tún wo ibi tí ewé ti kúrò lára igi.

Àkọ́kọ́ yẹn, gbági ni. Àwọn kan ń pè é ní gbégi, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹsẹ̀ kannakánná, nítorí bí orí rẹ̀ ṣe ya. Ìdí tó pẹlẹbẹ, tó sì funfun, ni àmì tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣì í mú. Ilẹ̀ líle ló fẹ́ràn: ibi tí mọ́tò ń tẹ̀, ibi táwọn ọmọ ń gbà sá kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ló tò sí.

Ẹ dá mi lóhùn lórí ẹ̀kẹta yẹn kí ẹ tó fa ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ewé ìdí rẹ̀, ṣé ó ṣóńṣó lẹ́nu ni, àbí ẹnu rẹ̀ rí bí orí ahọ́n?

Tíṣà Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èkejì yẹn, mi ò rò pé koríko ni rárá. Ẹbí òfìo ni.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń ní káwọn ọmọ ṣe rèé. Ẹ mú igi tó gbé òdòdó rẹ̀ dání sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ máa yí i. Igi koríko roboto tàbí kó pẹlẹbẹ. Ti ẹbí òfìo ní igun mẹ́ta, ẹ ó máa mọ igun náà lọ́wọ́ bó ṣe ń dí yín lọ́wọ́ láti yí i. Ẹ wá gé e lábùúbú: inú rẹ̀ kún dí. Igi koríko sábà máa ń ní ihò láàárín oríkèé kan sí èkejì, bí ọparun. Ewé koríko ń jáde ní ọ̀nà méjì, ọ̀tún àti òsì. Ti ẹbí òfìo ń jáde ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ wò ó láti òkè, ẹ ó rí i. Lábẹlábẹ tó máa ń gé wa lọ́wọ́ létí odò, ẹbí kan náà ni.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ẹ ò lè bá a jà bí ẹ ṣe ń bá gbági jà. Òfìo tí à ń jẹ, Cyperus esculentus lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Cyperus rotundus, èyí sì ni mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn méjèèjì ní kókó lábẹ́ ilẹ̀. Ti òfìo máa ń wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu okùn rẹ̀, ó sì dùn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúdú, ó korò, ó sì ń so kọ́ra lórí okùn kan bí ìlẹ̀kẹ̀: kókó, okùn, kókó, okùn. Tí òdòdó bá yọ, ti òfìo pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ, ti rotundus pupa dúdú.

Tẹ́ ẹ bá fà á, ewé nìkan lẹ máa mú. Kókó á kù sílẹ̀, á sì tún hù. Tẹ́ ẹ bá fi ọkọ́ ṣá ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ ti já okùn náà sí wẹ́wẹ́, kókó kọ̀ọ̀kan tó dá wà á yọ tirẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin

Tíṣà, tó bá jẹ́ òfìo ló wà níbẹ̀, ṣé kò ní dáa kí wọ́n jẹ́ kó gbó, kí wọ́n wà á jẹ?

Tíṣà Òṣogbo

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti fín oògùn tá ò mọ̀ sí apá kan ilẹ̀ yẹn. Òfìo tí à ń rà lọ́jà, irúgbìn tí wọ́n dìídì gbìn ni.

Ọmọ Ọ̀ffà

Omi iyọ̀ ni kẹ́ ẹ dà sí i. Ìyá wa àgbà máa ń ṣe é sáàárín òkúta àgbàlá, koríko ò sì ń hù níbẹ̀.

Bàbá Olóko (Ìsẹ́yìn)

Àárín òkúta àgbàlá ni, ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ kí nǹkan hù sí. Kápẹ́ẹ̀tì ò lè fara da iyọ̀, ilẹ̀ náà á sì bà jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kókó abẹ́ ilẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn gbogbo wọn kú, tó bá tiẹ̀ kú. Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an. Bí òjò ṣe dá láàárọ̀ yìí ni mo jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ìgéṣu. Mo tẹ́ ìdajì ìró funfun sórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé, mo sì tò wọ́n sórí rẹ̀ bí Bàbá ṣe wí.

Gbági: ẹ járe, òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí tẹ́ẹ̀pù, funfun tó ń dán. Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ bí irun orí, ó sì di erùpẹ̀ mú débi pé mo fomi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá lọ wo ibi tó wà. Láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn ni, ojú ibi táwọn ìbejì máa ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn gbà. Mi ò fọkàn sí i rí.

Èkejì: ó ní igun mẹ́ta. Mo yí i lọ́wọ́, ó ń dí mi. Mo tẹ̀ lé okùn tó wà nídìí rẹ̀, mo rọra ń fọwọ́ hú ilẹ̀, mo bá kókó kan, dúdú, kò tó èkùrọ́. Okùn tún ti ara rẹ̀ jáde. Mo tẹ̀ lé e, mo bá òmíràn. Nígbà tí mo dé ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, mo jókòó. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun, ó ní òórùn kan tó jọ òórùn oògùn.

Ẹ̀kẹta wá ni ìyanu. Ewé ìdí rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí bí orí ahọ́n gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe bi mí. Mo fi í síbi ewé kápẹ́ẹ̀tì, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo tẹ̀ lé igi rẹ̀ wálẹ̀, ara ìtàkùn kápẹ́ẹ̀tì ló ti jáde. Bàbá, ṣé ohun tí mo rò ló jẹ́?

Bàbá Olóko (Ìsẹ́yìn)

Òun ni. Òdòdó kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ ò tíì tu ú.

Axonopus compressus ni kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì wa. Ìtàkùn rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó sì ń ta gbòǹgbò níbi oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fi í sílẹ̀ láìgé, á gbé ìka jáde: méjì ní ṣóńṣó orí tí wọ́n dojú kọra bí ẹsẹ̀ tí èèyàn yà, nígbà mìíràn ẹ̀kẹta á wà nísàlẹ̀ wọn díẹ̀. Òun làwọn èèyàn máa ń rí tí wọ́n á pariwo pé eéran ti dé. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti tu kápẹ́ẹ̀tì tó gbó dáadáa dà nù nítorí ìka yìí, tí wọ́n sì fi gbági sílẹ̀ torí pé ó tutù, ó sì tẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń bi gbogbo èèyàn léèrè ewé ìdí.

Eéran gangan yàtọ̀. Ìka tirẹ̀ lè tó mẹ́rin, márùn-ún, kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tín-ín-rín bí òwú, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ ojú kan náà ni gbogbo wọn ti yọ. Ewé rẹ̀ ṣóńṣó lẹ́nu. Ẹ fi ìka ra èèpo tó wé mọ́ igi rẹ̀, lára ọ̀pọ̀ wọn ẹ ó kan irun. Gbòǹgbò rẹ̀ fúyẹ́, ó rọrùn láti fà, àmọ́ tó bá ti tẹ́ sílẹ̀, á ta gbòǹgbò níbi oríkèé. Ẹ wo abẹ́ ògiri àti ibi tí omi ń dà sí láti orí páànù, ó lè wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ gbági sí ẹlẹ́sẹ̀ kannakánná kejì tó máa ń hù nínú iyanrìn, tí ìka rẹ̀ kúrú, tó sì sanra: ẹ wo ẹnu ìka náà. Tí egungun ìka bá yọ ṣóńṣó kọjá ibi tí èso parí sí, Dactyloctenium ni. Tí èso bá dé ẹnu ìka pátá, gbági ni. Ìtọ́jú kan náà ni wọ́n gbà, kẹ́ ẹ má dààmú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin tèmi. Mò ń ka èyí, àyà mi ń já, nítorí èpò ẹlẹ́kókó yẹn gan-an ló wà níwájú ilé mi níbí ní Texas. Nutgrass ni wọ́n ń pè é. St. Augustine ni koríko tiwa níbí, ewé rẹ̀ fẹ̀ bíi ti kápẹ́ẹ̀tì, kì í fara da gbogbo oògùn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní halosulfuron tó wà fún ẹbí òfìo, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a lè lò ó lórí St. Augustine. Mo lò ó. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo sì tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Kò pa gbogbo kókó náà, àmọ́ ó dín wọn kù gidigidi. Ẹ má ṣe fi tèmi ṣe tiyín o. Orúkọ koríko tí ẹ gbìn gbọ́dọ̀ wà lára ìwé ìgò náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á.

Ti eéran, àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ níbí, crabgrass ni wọ́n ń pè é. A máa ń fọ́n oògùn sílẹ̀ kó tó hù ni, ní nǹkan bí oṣù Kejì, tí ilẹ̀ bá ti ń móoru dé ìwọ̀n 13 ti Celsius. Tó bá ti hù tán, oògùn yẹn ò ràn án mọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń wú mi lórí. Bermuda grass tí wọ́n ń tà níbí, tí àwọn aládùúgbò mi kan fẹ́ràn, táwọn kan sì ń bá jà tọ̀sán-tòru, Cynodon dactylon ni, koóko igbá tiwa ni. Òun náà lẹ̀ ń pè ní Bahama lọ́dọ̀ onífúláwà. Erékùṣù méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti ṣẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tí à ń gbìn nílé sì rèé, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó bóyá òun náà ti wọlé. Ewé rẹ̀ kéré, ìtàkùn rẹ̀ le bí wáyà, ó ń rá lórí ilẹ̀, ó tún ń rá lábẹ́ ilẹ̀.

Àǹtí Peckham (London)

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Tiwa níbí yàtọ̀ nítorí òtútù, àmọ́ ọ̀nà tí Bàbá gbà ń wò ó náà là ń lò. Méjì ló máa ń dààmú mi. Poa annua: ẹnu ewé rẹ̀ rí bí imú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń yọ òdòdó funfun bó ti wù kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ tó. Èkejì ni Yorkshire fog, ewé rẹ̀ rọ̀, ó nírun bí ara ológbò, ìdí rẹ̀ sì funfun pẹ̀lú ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí yẹn ni mo fi ń dá a mọ̀. Kò sí oògùn tí mo lè rà fún koríko ilé tó máa pa á kó sì dá ìyókù sí, torí náà ọ̀bẹ ni mo fi ń gé odidi rẹ̀ jáde, màá wá gbin irúgbìn sí ojú rẹ̀.

Ará Ṣakí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí náà. Tèmi lókè yìí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó gún àpò ilẹ̀ tí mo gbé síbẹ̀ lu. Tó bá yọ orí, funfun ni, ó rí bí òwú.

Bàbá Olóko (Ìsẹ́yìn)

Èkan ni. Ẹ wo ewé rẹ̀: ìlà funfun tó wà láàárín rẹ̀ kì í wà láàárín gan-an, ó máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má dáná sun ún o, gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, iná ò dé ibẹ̀, òun ló sì máa kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn iná. Ẹ wà á jáde, kí ẹ ṣa gbogbo gbòǹgbò funfun ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà, èyí tó bá kù tó ìka kan lásán lè hù. Kì í fẹ́ ìbòòji. Ẹ gbin ohun tó máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá Sukúrà

Patanmọ́ ńkọ́? Ó ń gún àwọn ọmọ mi lẹ́sẹ̀.

Tíṣà Òṣogbo

Ìyẹn kì í ṣe koríko, ìyá wa, ewé rẹ̀ tó ń pa dé fi í hàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó tó so.

Onífúláwà Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Inú ilẹ̀ dúdú àti inú àpò kápẹ́ẹ̀tì lèyí tó pọ̀ jù nínú èpò yìí ti ń wá. Àwọn kan nínú wa ń gé kápẹ́ẹ̀tì láti etí ọ̀nà, tòun tohun tó bá wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú àpò kan sílẹ̀ lójú yín. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kókó dúdú kan, ẹ má jẹ́ kó wọ ọgbà yín.

Ilẹ̀ dúdú náà, ẹ má tan án sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a. Ẹ fi jọ, kí ẹ máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Èpò tó wà nínú rẹ̀ á hù, ẹ ó sì tu ú kó tó di ti ọgbà yín. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó bá lè ní sùúrù. Ìgbẹ́ màlúù tútù náà kún fún irúgbìn, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún ọmọ tó ń gé koríko kó gbé ẹ̀rọ sókè. Tó bá ń fá a mọ́lẹ̀, oòrùn á rí ọ̀nà dé orí ilẹ̀, irúgbìn gbági á sì hù. Íǹṣì méjì ni kó fi sílẹ̀. Kó sì fọ abẹ́ ẹ̀rọ náà kó tó wọlé yín, nítorí ilé mìíràn ló ti ń bọ̀.

Bàbá Olóko (Ìsẹ́yìn)

Onífúláwà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, bí mo ṣe máa ṣe é ká ní ọgbà mi ni: gbági ni màá kọ́kọ́ tu, lẹ́yìn òjò, kí orí rẹ̀ tó gbó, nítorí irúgbìn ló fi ń pọ̀. Ọ̀bẹ ni màá kì bọ ìdí rẹ̀, mi ò ní fa ewé. Màá kó o sínú àpò, mi ò ní jù ú sórí ààtàn ọgbà. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀pá irin gún ojú ọ̀nà líle yẹn káàkiri kó lè rọ̀, màá sì lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Tí ilẹ̀ bá ṣì le, gbági á padà wá bó ti wù kí ẹ tu ú tó. Káwọn ìbejì wá ọ̀nà mìíràn gbé kẹ̀kẹ́ gbà fún oṣù méjì.

Ẹlẹ́kókó, ẹ mú ojú kan lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó náà kì í jìn ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ẹnu ìka. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ lé okùn, ẹ má fi ọkọ́ ṣá a. Níbi tí ẹ ò bá tíì débẹ̀, ẹ máa já ewé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yọ, kó máa ná ohun tó fi pamọ́ sínú kókó. Iṣẹ́ ọdún kan sí méjì ni, mi ò ní tàn yín.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé, mo ní kí n jábọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ géètì tí mo fín: ẹlẹ́kókó ló kọ́kọ́ yọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án, ṣánṣán, ó ń dán. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí mo ṣe rí i ni ọ̀rọ̀ Bàbá yé mi. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan, ìtàkùn kápẹ́ẹ̀tì méjì ti ń rá wọ ibẹ̀ padà, ewé tuntun wà lórí oríkèé wọn. Mi ò hú ibẹ̀. Mo gbé ìgò náà lọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Gbági ti jáde tán lójú ọ̀nà, àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀. Màmá ló bá mi ṣa á. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n wọ bàtà torí pé mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń tọ́ka pẹ̀lú ọ̀pá: "Òmíràn nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ." Ẹsẹ̀ kannakánná lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí láti kékeré, mi ò sì bi wọ́n léèrè rí.

Eéran wà lábẹ́ ibi tí omi páànù ń dà sí, bí Bàbá ṣe wí, mẹ́jọ péré. Koóko igbá, mi ò tíì rí i, ẹ̀gbọ́n Houston.

Ẹlẹ́kókó ló kù. Láti ojú ibi tí kò ju ọpọ́n ìta ẹja lọ, mo ka kókó mọ́kànlélógójì. Mo tò wọ́n sórí ìró funfun náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá bọ́ sí ojú kejì, lẹ́bàá igi máńgòrò. Tíṣà, ìbéèrè kan ló kù: gbòǹgbò máńgòrò pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gé wọn. Ṣé kí n máa já ewé nìkan níbẹ̀, àbí kí n fi nǹkan bò ó?

Tíṣà Òṣogbo

Ẹ máa já ewé níbẹ̀, ìyá wa, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìbòòji máńgòrò á ràn yín lọ́wọ́, ẹbí òfìo kì í fẹ́ òjìji. Ọ̀rá tí ẹ bá tẹ́ lé e, á gún un jáde ni.